Ìgò Kankan Kò Ní Wọ Ilé Yìí

Ọdún mọ́kàndínlógún ni ìkòkò ọtí Catherine fi dojú délẹ̀ lẹ́yìn ilé ìdáná, tí kò sí ohun tó wọ inú rẹ̀ ju alántakùn lọ. Kì í ṣe pé Catherine ti gbàgbé bí wọ́n ṣe ń pọn ọtí. Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ kò mọ̀ ọ́n. Nígbàkigbà tí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ láti ìhà Ìkejà wá sí Agége, tó gbé òórùn ọkà sísè iléeṣẹ́ ọtí wá bá a nídìí àwo tó ń fọ̀, yóò dá ọwọ́ dúró, yóò gbé imú sókè, yóò ní, "Wọ́n tún ti jẹ́ kó jó lónìí." Kò sí ẹni tó lè wádìí rẹ̀, nítorí náà kò sí ẹni tó lè já a nírọ́.

Ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ ni Catherine máa ń pọn. Àwọn ará Èkó tí kò mọ̀ yàtọ̀ máa ń pe gbogbo ọtí ìbílẹ̀ ní bùrùkùtù. Àṣìṣe ni. Ọkà bàbà ni ti bùrùkùtù, ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni ti àgàdàgídí, àgbàdo ni ti ṣẹ̀kẹ̀tẹ́. Ẹni tó bá fi orúkọ kan pe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó ṣeé ṣe kó má tíì tọ́ ọ̀kankan wò nínú wọn. Lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Èkìtì ni Catherine ti kọ́ ọ, ọwọ́ ìyá rẹ̀ náà ló sì ti gba ìkòkò. Orí itan ló gbé e lé nínú ọkọ̀ láti Èkìtì dé Èkó lọ́dún tó wá bá ọkọ rẹ̀, kò jẹ́ kí agbèrò gbé e sínú búùtù.

Ọkọ rẹ̀, Ọláfẹ́mi, ló fà á tó fi dáwọ́ dúró, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnu ẹlòmíràn ni ọ̀rọ̀ náà ti kọ́kọ́ jáde. Ìdí ẹ̀rọ tó ń fọ ìgò ni Ọláfẹ́mi ti ń ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ ọtí kan ní Ìkejà. Lọ́jọ́ àríyá ìparí ọdún, ọ̀gá rẹ̀ tó ń jẹ́ Olúgbénró gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó ní, "Ẹ bá mi wo Ọláfẹ́mi o! Àwa ń pọn ọtí ní Ìkejà, ìyàwó rẹ̀ ń pọn tiẹ̀ ní Agége. Ṣé àwa la ó máa san owó oṣù fún un ni, àbí òun ni kó máa san fún wa?" Gbogbo ènìyàn rẹ́rìn-ín. Ọláfẹ́mi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nígbà tó délé kò jẹun. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ó ní, "Ìyá Kóredé, jọ̀wọ́, gbé ìkòkò yẹn sílẹ̀. N kò fẹ́ kí wọ́n tún fi mí ṣe yẹ̀yẹ́."

Catherine gbé e sílẹ̀. Àmọ́ gbígbé nǹkan sílẹ̀ yàtọ̀ sí gbígbé nǹkan dànù.

Ní ọdún tó kọjá, Ọláfẹ́mi fẹ̀yìn tì. Kóredé ọmọ wọn ti gbéyàwó, ó ti kó lọ sí Abúlé Ẹ̀gbá. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀sán ni tọkọtaya náà fi jókòó wo ara wọn bí èrò tí ọkọ̀ já sílẹ̀. Nígbà tó di àkókò ọyẹ́, Catherine jí lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, ó lọ sí ọjà Agége, ó ń ju hóró àgbàdo sẹ́nu láti ìsọ̀ dé ìsọ̀, ó ń gé e jẹ, ó ń tu ú sọnù. Àgbàdo tí wọ́n fi ẹ̀rọ yan gbẹ kò lè hù, èyí tí wọ́n sì da oògùn kòkòrò sí kò dára fún ẹnu ènìyàn. Ó rí èyí tó wù ú, ó fi kẹ̀kẹ́ gbé e wálé, ó sì rẹ ẹ́ sínú omi.

Ọláfẹ́mi jáde láti inú yàrá, ó rí bàsíà.

"Ìyá Kóredé, kí ni gbogbo àgbàdo yìí? Ṣé ògì ni?"

"Kì í ṣe ògì."

"Ẹ̀gbo ni?"

"Kì í ṣe ẹ̀gbo. Ẹ má wulẹ̀ ka gbogbo oúnjẹ tí wọ́n ń fi àgbàdo sè fún mi. Ọtí ni."

Ọláfẹ́mi fa àga, ó jókòó. "Ìwọ tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún?"

"Ṣé eyín ni wọ́n fi ń pọn ọn ni?"

"Ọwọ́ rẹ ti kúrò nínú ẹ̀, Catherine. Nǹkan tí o ti fi sílẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá!"

"Ẹ̀yin lẹ ní kí n fi í sílẹ̀. Èmi náà ni mo ní kí n gbé e padà. Ìpàdé ẹgbẹ́ afẹ̀yìntì yín tó ń bọ̀ nílé wa ní Sátidé tó máa parí oṣù yìí, òun ni wọ́n máa mu."

Ìgbà yìí ni Ọláfẹ́mi dìde. Gbogbo oṣù ni àwọn tó fẹ̀yìn tì láti iléeṣẹ́ náà máa ń ṣèpàdé nílé ara wọn, ẹni tó bá gbà wọ́n lálejò ló ń wá ọtí. Ọtí inú ìgò sì ni. Àwọn tó ti fi gbogbo ọjọ́ ayé wọn pọn ọn, tí wọ́n fọ ìgò rẹ̀, tí wọ́n lẹ ìwé mọ́ ọn, kí ni wọn ì bá tún máa mu? Alága wọn sì ni Olúgbénró.

"O fẹ́ dójú tì mí lójú Alága? Ṣẹ̀kẹ̀tẹ́? Nínú igbá?"

"Nínú ife. Mo ní ife. Ìgò kankan kò ní wọ ilé yìí lọ́jọ́ náà, Bàbá Kóredé. Mo ti sọ ọ́."

"Tí kò bá wá jáde ńkọ́?"

Sàídátù, aránṣọ ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń gbé yàrá òdìkejì, ti dá ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí etí rẹ̀ lè ráyè. Catherine rí i, ó sì gbé ohùn sókè kí ẹlẹ́rìí náà lè gbọ́ dáadáa.

"Bí ọtí mi bá kùnà, èmi Catherine ni n ó gbé ìkòkò ìyá mi sí àárín àgbàlá yìí, n ó sì fọ́ ọ lójú gbogbo yín. N kò tún ní dárúkọ ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ mọ́ láyé. Ṣùgbọ́n bí ó bá jáde, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ sọ fún mi mọ́ ohun tí mo lè pọn àti ohun tí n kò gbọ́dọ̀ pọn. Títí wọn ó fi gbé mi sin."

"Mo gbọ́ o," ni Sàídátù wí. "Etí mi méjèèjì wà níbẹ̀."

"Ìwọ Sàídá, kí ló kàn ọ́ níbẹ̀? Ìwọ tí o kì í mu ún."

"Ìyá Kóredé, ẹnu mi nìkan ló ń gbààwẹ̀ ọtí. Imú mi ò gbààwẹ̀."

Báyìí ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí àgbàdo rọ̀, Catherine tẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ sínú apẹ̀rẹ̀, ó da àgbàdo lé e, ó fi ewé bò ó, ó ń wọ́n omi sí i. Àwọn kan rò pé bí ewé bá ti yọ lára hóró ni ó ti tó. Wọ́n ṣì í. Gbòǹgbò ló ń kọ́kọ́ yọ, òun ni wọ́n ń wò. Bí wọ́n bá jẹ́ kí ewé gùn, ewé yóò ti jẹ adùn inú hóró tán. Nígbà tí gbòǹgbò gùn tó èékánná, ó sá a sínú oòrùn lórí tapólì. Sàídátù ló bá a lé adìyẹ, ó ń fi okùn tí ó fi ń wọn aṣọ na ilẹ̀, ó ń pè wọ́n ní ọ̀mùtí. Nígbà tó gbẹ, Catherine gbé e lọ síbi ẹ̀rọ ìlọta. Ó dúró ti ẹni tó ń lọ̀ ọ́ títí tí onítọ̀hún fi fọ ẹnu ẹ̀rọ, tó fi ọkà gbígbẹ nù ún, tó tún fọ̀ ọ́. "Mámà, ṣé ọkọ̀ òfurufú lẹ fẹ́ gbé e wọ̀ ni?" ni ó bi í. Catherine ní kó fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ìkòkò ló kù. A kì í fi ọṣẹ fọ ìkòkò ọtí. Omi lásán ni wọ́n fi ń ṣàn án, nítorí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ọtí àná tó ti gbẹ mọ́ ara amọ̀ ló ń jí ti òní dìde. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìyá rẹ̀ wà nínú ìkòkò yẹn, ó dúdú, ó nípọn, ó sì dá Catherine lójú pé bó ti wù kó pẹ́ tó, yóò dá a mọ̀. Ní ọjọ́ Wẹ́sìdeè ó se ọtí náà láti àárọ̀, ó fi í sílẹ̀ kó tutù, ó lọ sí ìpàdé àdúrà. Nígbà tó dé, ilẹ̀ ti ń ṣú, wọ́n ti mú iná lọ, ọyẹ́ sì ti dí i nímú pinpin láti ọjọ́ mẹ́ta. Ó sẹ́ ọtí náà, ó dà á sínú ìkòkò, ó dé e, ó gbá orí ìdérí bí ẹni gbá ọmọ lẹ́yìn, ó lọ sùn. Gbogbo ìyẹ̀fun rẹ̀ kọ́ ló lò. Èyí tí ìkòkò kò gbà, ó dì í pamọ́ sínú àpò.

Ní ọ̀sán Tọ́sìdeè, ó ṣí i. Ojú ọtí náà dákẹ́. Kò hó, kò wú. Ó dà bí omi ẹ̀kọ tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́ mu. Ó dé e. Ó tún un ṣí.

Sàídátù fi abẹ́rẹ́ sẹ́nu wá síbẹ̀. Ó tẹrí ba sí ẹnu ìkòkò, ó sì yára gbé orí sókè.

"Ìyá Kóredé, ta ló fọṣọ síbí?"

"Aṣọ wo?"

"Bílíìṣì ni mò ń gbọ́ yìí. Bílíìṣì tí wọ́n fi ń fọ aṣọ funfun."

Catherine bu ọtí náà sínú bàsíà, ó wo ara ìkòkò nínú oòrùn. Inú rẹ̀ ti mọ́. Ó pupa fòò bí ìgbà tí amọ̀kòkò ṣẹ̀ṣẹ̀ sun ún. Kò sí àmì dúdú kan níbẹ̀.

Nígbà tó yíjú, Ọláfẹ́mi ló rí lẹ́nu ọ̀nà, tó di férémù ilẹ̀kùn mú.

"Èmi ni," ni Ọláfẹ́mi wí. "Nígbà tí o ń se ọtí lọ́wọ́ ni. Mo wo inú rẹ̀, ó dọ̀tí bí ìdí àdògán. Mo ní bí Alága bá fi ojú kàn án, a gbé. Níbi iṣẹ́, ìgò tí kò bá tàn, mi ò jẹ́ kó kọjá lọ́wọ́ mi láéláé. Mo rò pé ìrànlọ́wọ́ ni mò ń ṣe, Catherine. Mo fi ẹ̀yìn ṣíbí ha á."

"Ẹ fi ẹ̀yìn ṣíbí ha á."

"Mo ṣàn án dáadáa."

"Bàbá Kóredé! Gbogbo ìgò tí ẹ fọ̀ ní Ìkejà kò tó yín? Ẹ kò rí nǹkan mìíràn fọ̀ mọ́ láyé yìí àfi ìyá mi?"

Ọláfẹ́mi wá sọ èyí tó burú jù lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú rere ló ti sọ ọ́: "Má fọ́ ìkòkò o. Mo dá ọ sílẹ̀ nínú ìbúra yẹn. Mo ti tọ́jú kíréètì mẹ́ta sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, nítorí bí nǹkan bá lọ wọ́. Àwa la máa gbà wọ́n lálejò, kò sí ẹni tó máa mọ̀."

Catherine wọ yàrá, ó wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ìgò wà níbẹ̀ lóòótọ́, wọ́n ń dán bí ojú ológbò. Ó jáde, ó ti ilẹ̀kùn pa, ó yí kọ́kọ́rọ́, ó dì í sí etí ìró rẹ̀.

"Mo ní ìgò kankan kò ní wọ ilé. Èyí tó ti wọlé, kò ní jáde."

"Aṣọ mi wà níbẹ̀!"

"Ẹ wọ èyí tó wà lọ́rùn yín."

Lẹ́yìn náà ó gbé ọtí náà, ó dà á sínú gọ́tà pátá, lójú ọ̀nà, lójú gbogbo àwọn tó ń ti ilé búrẹ́dì ìtòsí bọ̀. Kò dá ẹ̀kán kan sí. Ohun tó bá ní bílíìṣì nínú, kò lè gbé e fún ènìyàn mu, ì báà jẹ́ Olúgbénró.

Ó wá jókòó ti ìkòkò òfìfo náà. Láti kékeré ló ti ń gbọ́ ọ, tí òun náà sì ń sọ ọ́ fún ẹni tó bá fẹ́ gbọ́, pé ìkòkò ni ọtí, pé ẹni tí kò bá ní ìkòkò kò ní nǹkan kan. Ó wo pupa inú rẹ̀. Bó ṣe rí lónìí yìí ni yóò ti rí lọ́jọ́ tí ìyá rẹ̀ rà á lọ́jà. Ìgbà yẹn ńkọ́? Kí ló jí ọtí àkọ́kọ́? Kò sí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ kankan lára rẹ̀ nígbà náà. Ó di ojú, ó sì rántí ohun tó ti rí lọ́pọ̀ ìgbà tí kò fi ṣe nǹkan kan: ọwọ́ ìyá rẹ̀ tó máa ń bu ìyẹ̀fun tútù, tí iná kò kàn, tó máa ń wọ́n ọn sójú ọtí tó ti lọ́ wọ́ọ́rọ́. Catherine ti rò pé àṣà lásán ni. Òun kì í ṣe é. Ìkòkò ti ń bo àṣìṣe òun mọ́lẹ̀ láti ìgbà yìí wá.

Ó dìde. "Sàídá! Bá mi wá ìkòkò ńlá."

"Tèmi kọ́ o! Èyí tí mo fi ń se sààráà? Ẹ má tilẹ̀ wo apá ibẹ̀."

"Ta ní béèrè tìrẹ? Ìkòkò ìrẹsì Kérésìmesì mi ni, tó wà lókè àjà. Dì í mú kí n má bàa ṣubú."

Ìyẹ̀fun tó kù nínú àpò ló sè, ó yọ ẹ̀kúnwọ́ méjì tí iná kò kàn sọ́tọ̀. Nígbà tí ọtí lọ́ wọ́ọ́rọ́ nínú ìkòkò ìrẹsì, ó wọ́n ẹ̀kúnwọ́ méjèèjì sí i, ó rò ó pọ̀, ó fi aṣọ bò ó, ó gbé e sítòsí ẹsẹ̀ ààrò kí ọyẹ́ má bàa mú un. Ọláfẹ́mi ń wò ó láti ọ̀nà jíjìn bí ọmọ tí wọ́n lé kúrò nídìí àkàrà.

Ní àárọ̀ Fráídè kò sí nǹkan kan. Ọláfẹ́mi fi ohùn jẹ́jẹ́ ní kó mú kọ́kọ́rọ́ wá. Catherine tún etí ìró rẹ̀ so le. Ní ọ̀sán, Catherine gbé etí lé aṣọ tó fi bo ìkòkò. Ohùn kan wà níbẹ̀, ó kéré, bí ìgbà tí òjò bá ń kán sórí ewé gbígbẹ. Ó ṣí i: ìfóòfó ti yọ ní etí ìkòkò, ó ń rìn bọ̀ sí àárín.

"Sàídá, wá gbé imú wá!"

Sàídátù tẹrí ba, ó fà á símú, ó fà á gùn. "Sùbúhánàlláhì," ni ó wí. "Ẹ bò ó, ẹ bò ó, kí n má bàa ṣìnà."

Àwọn afẹ̀yìntì dé lọ́sàn-án Sátidé. Kì í ṣe pé wọ́n pọ̀, ṣùgbọ́n ariwo wọn pọ̀. Olúgbénró jókòó sórí àga tó tóbi jù, ó wo ilẹ̀ yíká, ó wo abẹ́ tábìlì.

"Ọláfẹ́mi, ìgò dà? Àbí ẹ̀rọ tìrẹ ṣì ń fọ̀ ọ́ lọ́wọ́?"

Ọláfẹ́mi la ẹnu, ṣùgbọ́n Catherine ti gbé ìkòkò ìrẹsì wọlé, ó gbé e ka àárín ilé.

"Ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ ni, Alága. Èmi ni mo pọn ọn."

"Ṣẹ̀kẹ̀tẹ́!" Olúgbénró wo àwọn yòókù, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ọtí tí kò ní ìdérí, tí kò ní déètì lára. Ìyàwó wa, ta ló mọ ọjọ́ tó máa bàjẹ́?"

"Tèmi kì í pẹ́ nílé débi tí yóò nílò déètì."

Ẹni tó pọn ọtí ló ń kọ́kọ́ mu ún. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ májèlé nìkan. Ó jẹ́ kí àlejò mọ̀ pé ojú kò ti ẹni tó gbé e wá. Catherine bu ife kan, ó dúró ṣánṣán láàárín àwọn ọkùnrin náà. Àti alẹ́ Tọ́sìdeè ni kò ti fẹnu kàn án. Kò fẹ́ mọ̀ kí àsìkò tó tó. Ó mu ún. Ó kọ́kọ́ kan, ó dùn lẹ́yìn náà, ó wá ta ahọ́n díẹ̀ kó tó lọ. Kò dàbí ti ìyá rẹ̀ tán. Tiẹ̀ ni. Ó mu ún títí dé ìsàlẹ̀, ó da ojú ife náà kọ ilẹ̀ kí gbogbo wọn lè rí i.

Ó bu fún Olúgbénró. Olúgbénró tọ́ ọ wò bí ẹni tó ń tọ́ oògùn wò. Ó tún gbé e sẹ́nu, ó pẹ́ kó tó gbé e kúrò. Lẹ́yìn náà ó na ife sí Catherine.

Catherine kò bu ọtí sí i.

"Alága, ẹ kọ́kọ́ tún ọ̀rọ̀ kan sọ fún mi ná. Èyí tí ẹ sọ lọ́jọ́ àríyá, pẹ̀lú ẹ̀rọ gbohùngbohùn lọ́wọ́."

"Èwo nìyẹn?"

"Pé ẹ̀yin ń pọn ọtí ní Ìkejà, ìyàwó Ọláfẹ́mi ń pọn tiẹ̀ ní Agége."

Olúgbénró ronú. Kò rántí, ojú rẹ̀ fi hàn. "Bí mo bá sọ ọ́, àwàdà ni, ìyàwó wa."

"Mo mọ̀. Àwàdà yín gba ọdún mọ́kàndínlógún lọ́wọ́ mi. Ẹ dìde, kí ẹ tún un sọ. Ṣùgbọ́n ẹ tún un ṣe kí ó tó jáde lẹ́nu yín."

Ọláfẹ́mi wo ilẹ̀, lẹ́yìn náà ó gbé ojú sókè. "Alága, ẹ dá a lóhùn," ni ó wí. "Ó tó bẹ́ẹ̀. Èmi náà jẹ nínú ẹ̀bi yẹn." Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí Ọláfẹ́mi ń sọ fún Olúgbénró ohun tí yóò ṣe.

Olúgbénró dìde, ife òfìfo lọ́wọ́. "Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, a pọn ọtí ní Ìkejà títí a fi darúgbó. Ìyàwó Ọláfẹ́mi ń pọn tiẹ̀ ní Agége. Tiẹ̀ ló dùn jù."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Catherine kò tíì gbé ife bọnú ìkòkò.

"Ó kù díẹ̀. Mo ní orúkọ."

"Catherine," ni Olúgbénró wí. "Catherine ń pọn tiẹ̀ ní Agége. Ẹ jọ̀ọ́, òǹgbẹ ń gbẹ mí."

Ó bu ún kún títí tó fi dà sí i lọ́wọ́. Ọtí kékeré ni, kò pa ẹnikẹ́ni, ó sì tán kí ilẹ̀ tó ṣú. Wọ́n ń fi ìka nu ara ìkòkò. Kò sí ẹni tó béèrè ìgò.

Lónìí, bí o bá gba ẹ̀yìn ilé búrẹ́dì yẹn kọjá ní àárọ̀, wàá rí àgbàdo mìíràn tí wọ́n sá sórí tapólì. Ìkòkò ìyá Catherine kò fọ́. Ó wà lójú oòrùn lẹ́bàá ògiri. Ọláfẹ́mi ni Catherine fi ṣe alábòójútó rẹ̀. Òun ló ń da omi ògì àti gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ sínú rẹ̀, tó ń rò ó mọ́ ara amọ̀, tó ń jẹ́ kó gbẹ, títí òórùn bílíìṣì yóò fi kúrò. Ọkùnrin tó fi gbogbo ọjọ́ iṣẹ́ rẹ̀ lé ìdọ̀tí kúrò nínú ìgò ló ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń dá a padà sínú ìkòkò. Láràárọ̀ ni yóò pe ìyàwó rẹ̀.

"Catherine, wá wò ó. Ṣé ó ti dúdú tó?"

Catherine á tẹrí ba, á fi èékánná ha ara rẹ̀, á wo ìka rẹ̀ nínú oòrùn.

"Kò tíì tó. Ẹ tún dà á sí i."